Kámẹ́rà Olójú Méjì

Àwọn tó ń bá Abdulafeez ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ bísíkíìtì ní Ìkẹjà kò mọ ohun tó ń ṣe nílé. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ló ń tún ṣe fún wọn. Bó bá ti délé rẹ̀ ní Agége, tó wẹ̀, tó kírun, kámẹ́rà àtijọ́ ló kàn. Kì í ṣe kámẹ́rà ìsinsìnyí o. Àwọn tó ń lo fíìmù ni, tí èèyàn á ya fọ́tò lónìí tí kò sì ní mọ ohun tó yà títí wọ́n á fi fi oògùn fọ fíìmù náà nínú òkùnkùn. Á tú wọn palẹ̀ sórí tábìlì, á máa nù wọ́n, á máa dì wọ́n padà. Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó rẹ̀, máa ń sọ fáwọn aládùúgbò pé orogún òun wà nínú ilé, irin àti gíláàsì ni.

Èyí tó fa ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sunday yẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ olóògbé onífọ́tò kan ní Dopemu ló ti rà á. Àpótí dúdú kékeré ni, ojú gíláàsì méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èèyàn kì í gbé irú rẹ̀ sójú. Àyà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á ṣí ìdérí orí rẹ̀, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á máa wo gíláàsì pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀ níbi tí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ti ń hàn. Nígbà tó rà á, òróró inú rẹ̀ ti gan, kò sí ohun tó ń ṣí, kò sí ohun tó ń pa dé. Oṣù márùn-ún ló fi ń fi bẹntiróòlù fọ àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tó gbọ́ tó dún kẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, igbe ayọ̀ tó ké mú kí Moyọ̀sọ́lá sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé iná ló gbé e.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó ki fíìmù bọ inú rẹ̀, irú èyí tí kì í gbà ju fọ́tò méjìlá lọ. Ó kó àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tó lè nílò sínú àpò, ó fi ìgò bẹntiróòlù rẹ̀ kún un, bóyá òróró yẹn á tún gan lọ́nà, ó sì forí lé ọjà màálù Oko Ọba. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ibẹ̀ wù ú, bó ṣe máa ń gba àárín eruku tí màálù bá tú sókè.

Ó ya ògiri kan tí ẹfun ti ṣí lára rẹ̀. Ó ya àwọn àgbá tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó wà ní títì. Ó ya bàbá arúgbó kan tó ń pọ́n ọ̀bẹ, ó kọ́kọ́ tọrọ àyè, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí aago mẹ́wàá ń lù lọ, ó ti dé ìpẹ̀kun àdúgbò kan lẹ́yìn ilé ìpẹran, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Lápá ọ̀tún, wọ́n so ọmọ màálù kan mọ́ òpó lẹ́bàá àtíbàbà. Lápá òsì, ọgbà fífẹ̀ kan ni, tí wọ́n fi páànù ṣe ògiri rẹ̀.

Ó ń wo inú gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ń wò nínú àpótí yẹn?"

Ọmọdébìnrin kan ni, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó wọ gáùn aláwọ̀ ìyeyè. Abdulafeez bẹ̀rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà náà wálẹ̀ kí ọmọ náà lè rí inú rẹ̀.

"Háà! Ọmọ màálù!" Ọmọ náà fi ìka kan gíláàsì. "Ó wà níbí!"

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Ìbísọ́lá."

"Ó dáa, Ìbísọ́lá, lọ dúró síbẹ̀ yẹn, kí n yà ẹ́."

Ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà dún kẹ́. Kíá ló ti sáré padà.

"Ẹ jẹ́ n rí i."

"Kò tíì lè hàn. Ó dìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́ nílé."

Ọmọ náà yọ ṣùtì sí i. Kí ló fẹ́ fi kámẹ́rà tí kò lè fi fọ́tò hàn ṣe? "Mo fẹ́ lọ wo ọmọ màálù," ló wí, ó sì ti lọ. Abdulafeez kò wo ibi tó gbà. Ó ń yí fíìmù sí ìkarùn-ún ni, ó sì há. Ó tún yí i, kò lọ. Bó bá fi ipá yí i, fíìmù á ya. Bó bá ṣí i síta gbangba, ìmọ́lẹ̀ á wọ̀ ọ́, gbogbo ohun tó ti yà yóò pa rẹ́.

Ó jókòó sábẹ́ ìgbátí ilé kan, ó fa àpò òkùnkùn rẹ̀ yọ. Aṣọ dúdú onípele méjì ni wọ́n fi rán an, ó ní apá méjì bíi ti ẹ̀wù, ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀ ọ́. Ó ti kámẹ́rà sínú rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ pa, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àwọn apá náà títí dé ìgúnpá. Ó wá gbójú sókè bíi ti afọ́jú, ó ń fi ìka wá ibi tí fíìmù ti há. Bó ti ń yí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ padà, ó ń kà á sínú, ètè rẹ̀ ń mì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

Ó ti ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà nínú àpò nígbà tó gbọ́ igbe obìnrin.

"Ẹ gbà mí o! Ta ló bá mi rí Ìbísọ́lá? Ẹ bá mi wá ọmọ mi o!"

Kaothar ni, ìyá ọmọ náà, tó ń dín àkàrà ní oríta. Ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sọ́rùn, ó ń wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn alápatà jáde. Àwọn ọlọ́kadà jáde. Abdulafeez gbọ́ ohùn kan kedere láàárín ariwo náà:

"Ọkùnrin kan tó gbé àpótí dání ni mo rí i lọ́dọ̀ ẹ̀ níṣẹ̀ẹ́yìí. Òun nìyẹn! Òun ló jókòó yẹn!"

Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ti yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn, alápatà sígbọnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Quadri, tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

"Ọ̀gbẹ́ni, yọ ọwọ́ ẹ jáde nínú nǹkan yẹn."

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó yọ ọwọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ti tú sílẹ̀ sí i lọ́wọ́ nínú òkùnkùn yẹn, iṣẹ́ oṣù márùn-ún ló sì dì mú. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

"Ìṣẹ́jú kan fún kí ni? Kí ọmọ lè parẹ́ tán?"

Wọ́n fà á dìde. Wọ́n já àpò náà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, kámẹ́rà jábọ́ lulẹ̀, fíìmù sì tú jáde sínú oòrùn, ó nà gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹnì kan da àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ jáde, ẹ̀mú kékeré, àwọn irinṣẹ́ ìtúdè tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, àti ìgò bẹntiróòlù. Obìnrin kan gbé àpò òkùnkùn náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Àpò ọlọ́wọ́ méjì! Ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ń kó ọmọ ọlọ́mọ!"

"Mo rí i tí ètè ẹ̀ ń mì," ẹlòmíràn wí. "Ó ń pọfọ̀ ni."

"Gbọ́mọgbọ́mọ!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gba ẹnu dé ẹnu. Abdulafeez rí i bí ojú wọn ṣe ń yí padà bí ọ̀rọ̀ náà ti ń kan oníkálùkù. Òun náà ti rí ibi tí wọ́n ti pariwo rẹ̀ lé èèyàn lórí rí, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè. Ó kọjá lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ojú ilẹ̀ tó dúdú nìkan ló bá níbẹ̀.

"Níbo lọmọ wà?" Quadri bi í.

"Mi ò mọ̀. Wallahi, mi ò mọ̀. Fọ́tò ni mo yà á, ó sì lọ."

"Fi fọ́tò náà hàn wá."

"Kò lè hàn. Fíìmù ni. Oòrùn sì ti bà á jẹ́ báyìí."

"Kámẹ́rà wo ni kì í fi fọ́tò hàn?" Ìgbátí tó tẹ̀ lé ìbéèrè náà mú kí etí rẹ̀ hó. Gbogbo àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti na fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò rẹ̀. Ó ronú kan Moyọ̀sọ́lá, pé orí fóònù ló máa ti rí i, kí ẹnikẹ́ni tó kàn sí i.

"Ó ní òun fẹ́ lọ wo ọmọ màálù!" ló ké. "Ẹ wò ó lọ́dọ̀ ọmọ màálù yẹn!"

"Ibẹ̀ la kọ́kọ́ dé," Kaothar wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Kò síbẹ̀. Ẹni tó ni màálù ní òun ò rí ọmọ kankan. Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ mi." Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló wá ba Abdulafeez lẹ́rù ju ìgbátí lọ, nítorí ó rí i pé obìnrin náà gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀ pé ọwọ́ òun lọmọ wà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó dé fìlà pupa ti ṣí ìgò náà, ó gbé e símú.

"Bẹntiróòlù ni. Ó tiẹ̀ gbé tiẹ̀ wá fúnra ẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Abdulafeez kò tíì lóye ohun tó pa ẹni náà lẹ́rìn-ín tí òtútù fi bà á láyà. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti dà á sí i lẹ́wù. Ìgò kékeré ni, kò pọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ bo gbogbo ayé. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n lọ gbé táyà wá lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ìtọ̀ gbóná ń ṣàn nínú ṣòkòtò Abdulafeez. Ó fẹ́ ka kálímà, ìdajì rẹ̀ ló rántí.

"Ẹ dúró! Mo ní kí ẹ dúró!"

Àwọn èèyàn yà sọ́tùn-ún sósì. Alhaja Sìlífátù ni, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn elẹ́ran ìlà yẹn. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn géńdé wọ̀nyí tí kò jẹun rẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ sí Quadri, Quadri sì gbé kámẹ́rà náà fún un. Ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Irú èyí ni wọ́n fi ya èmi àti ọkọ mi lọ́jọ́ nìkáà wa," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró ká tó rí fọ́tò náà. Òótọ́ ló sọ, kì í fi fọ́tò hàn."

"Alhaja, ìyẹn ò ní ká má béèrè ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀," onífìlà pupa wí. Láítà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ béèrè gan-an nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú Abdulafeez. Kò sí àánú kan bàyí lójú rẹ̀. "Gbọ́ mi. Sọ gbogbo ohun tí ọmọ yẹn ṣe lọ́dọ̀ ẹ, má fo ọ̀kan. Tí o bá parọ́ fún mi, mi ò ní dá wọn dúró."

Eyín Abdulafeez ń lu ara wọn. Ó sọ ọ́ bí ó ti lè sọ ọ́: bí ọmọ náà ṣe bi í léèrè, bí òun ṣe gbé kámẹ́rà wálẹ̀ fún un, bó ṣe rí ọmọ màálù nínú gíláàsì tó sì nàka sí i. "Ó ní, ó wà níbí. Ó fi ìka kan apá…"

Ó yíjú wo ibi tí ọ̀nà ti pín. Apá òsì ni ọmọ náà fi ìka kàn. Òpó màálù náà sì rèé, lápá ọ̀tún.

"Òdì ni!" ló kígbe. "Alhaja, òdì ni gíláàsì yẹn máa ń fi nǹkan hàn! Ọ̀tún á di òsì. Apá òsì lọmọ náà ti rí màálù nínú ẹ̀. Apá òsì ló sáré gbà!"

"Ó ti ń ṣe wèrè," ẹnì kan wí.

 Alhaja ṣí ìdérí kámẹ́rà náà, ó gbé e sáyà, ó tẹrí ba. Gíláàsì náà ti sán nígbà tó jábọ́, síbẹ̀ ó ń fi nǹkan hàn. Ó wò ó, ó gbójú sókè, ó tún wò ó.

"Kaothar wà lápá ọ̀tún mi," ló wí jẹ́ẹ́. "Nínú ibí yìí, òsì ló wà." Ó yíjú sí Quadri. "Kí ló wà lápá òsì ọ̀nà yẹn?"

"Ọgbà tírélà ni," Quadri wí. Ojú rẹ̀ yí padà bó ti ń sọ̀rọ̀. "Àwọn tó ń kó màálù wá láti Òkè Ọya. Wọ́n ti já ẹrù tán láti òwúrọ̀. Wọ́n… wọ́n ti ń jáde lọ."

Kaothar ké, ó sì ti sáré. Quadri gorí ọ̀kadà kan, àwọn mélòó kan tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù kò kúrò. Ọkùnrin mẹ́ta di Abdulafeez mú, onífìlà pupa sì jókòó sórí òkúta níwájú rẹ̀, ó ń fi àtàńpàkò ṣí ìdérí láítà, ó ń pa á dé.

Wọ́n ń dúró. Bẹntiróòlù ń jó Abdulafeez láyà bí ata. Ó gbọ́ fèrè tírélà kan lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ọmọ náà kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó ti ibòmíràn lọ, pé ó ṣubú sínú kòtò omi ìdọ̀tí ilé ìpẹran, ta ló máa gbà gbọ́ pé kì í ṣe òun? Ó ń wo àtàńpàkò ọ̀dọ́kùnrin náà, kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Alhaja," onífìlà pupa wí, "tí wọn ò bá rí i níbẹ̀ ńkọ́?"

Abdulafeez yíjú sí obìnrin náà. Alhaja gbé kámẹ́rà lé orí itan, ó ń wo ọ̀nà. 

Kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Fóònù onífìlà pupa dún. Ó gbé e sétí.

"Ẹn? … Níbo? … Ẹn-ẹn. Ẹn-ẹn." Ó dìde. Láítà náà ti wọ àpò rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n ti rí i."

Inú tírélà kejì ni wọ́n ti rí i. Ọmọ náà wá ọmọ màálù dé inú ọgbà, ó rí pákó tí wọ́n fi ń sọ màálù kalẹ̀, ó gun orí rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ tó ṣófo. Àwọn awakọ̀ fa pákó náà kúrò, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn kò wo inú. Ó ń sunkún nínú ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ọkọ̀ náà ti jáde nínú ọgbà, ó ń wá àyè láti bọ́ sójú títì ńlá nígbà tí Quadri lọ dábùú iwájú rẹ̀.

Ọwọ́ tó di Abdulafeez mú tú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn fóònù wọ àpò. Láìpẹ́, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ rí, oníkálùkù ti rántí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Obìnrin tó gbé àpò òkùnkùn sókè ká a jẹ́jẹ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," onífìlà pupa wí. "Ẹ̀yin náà mọ bí ayé ṣe rí báyìí."

Abdulafeez bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ jọ. Alhaja Sìlífátù ní kí wọ́n bu omi fún un kó fi fọ àyà, ó fi kámẹ́rà náà lé e lọ́wọ́, ó bi í ní orúkọ àti àdúgbò rẹ̀. "Máa lọ sílé," ló wí. "Má dúró lọ́nà."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, kò lè wọkọ̀ pẹ̀lú òórùn tó wà lára rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú ilé búrẹ́dì kan ní Agége, tí ooru ààrò rẹ̀ fẹ́ sí i lójú, ó fò sí òdìkejì ọ̀nà láìwo ọkọ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó jù ú sínú gọ́tà, ó sì rin ìyókù ọ̀nà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Moyọ̀sọ́lá gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lára bí ọmọ ọwọ́, ó ń sunkún. Ó fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Abdulafeez kọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni.

"Ìṣẹ́jú kan ni mo ní kí wọ́n fún mi," ló wí.

"Kí lo sọ?"

"Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Fọ́tò mẹ́rin ni mo ń rò."

Moyọ̀sọ́lá ní kò sẹ́ni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abdulafeez mọ̀ pé ó kàn ń tu òun nínú ni.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Bí ọmọ kan bá sunkún ládùúgbò, á dìde kúrò nídìí oúnjẹ, á lọ ti fèrèsé. Ó kó gbogbo kámẹ́rà rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn.

Ní ọ̀sán Sátidé kejì, Abdulafeez ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Abdulafeez gbọ́ ohùn kan, ohùn tó há díẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Alhaja Sìlífátù ló júwe ilé fún wa. Èmi ni ìyá Ìbísọ́lá. A wá bẹ bọ̀ọ̀dá ni."

Kó tó dé ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Abdulafeez ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn iyàrá, ó ń mi orí sí Moyọ̀sọ́lá. Moyọ̀sọ́lá wò ó pẹ́. Ó jáde lọ.

"Wọn ò sí nílé, ìyá Ìbísọ́lá. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́."

"Háà." Kaothar gbé ìdì àkàrà kan fún un. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lè sùn. Nígbàkigbà tí mo bá wo ọmọ yìí, mo máa ń rántí ohun tó kù díẹ̀ ká ṣe."

"Mo máa sọ fún wọn."

"Ṣé inú ilé yìí ni bọ̀ọ̀dá alápòótí ń gbé?" Ohùn ọmọ náà rèé, ó mọ́ gaara bí agogo. Ẹsẹ̀ kékeré sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dúró lábẹ́ fèrèsé iyàrá. Abdulafeez fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Orí rẹ̀ mọ̀ pé ọmọ kékeré ni, ọmọ tó wà láàyè. Ara rẹ̀ kò gbà. Ó ń retí igbe tó máa tẹ̀ lé e.

"Ìbísọ́lá, padà síbí!" Kaothar pè é, kíákíá, pẹ̀lú ìbẹ̀rù nínú ohùn tirẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ kékeré náà padà. Wọ́n dágbére. Moyọ̀sọ́lá wọlé wá, ó gbé àkàrà tí wọ́n fi bébà wé lé orí tábìlì, ó ṣì gbóná. Ó bá ọkọ rẹ̀ ní ìjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òógùn ti bò ó. Kò bá a wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn náà, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí àkàrà náà fi tutù.